Ojú omi ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń gbé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí Ogun Àgbáyé Kìíní. Mo ní ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì máa ń wà nísàlẹ̀ òkun fún oṣù kan gbáko láìyọjú, pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò fi tó wọn. Wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ bá wa dá a. Kí ló sì dé tí Jámánì ò fi borí?

ÌDÁHÙN: Àwọn ọ̀rẹ́ yín ló jàre. Bí ẹ bá ta owó lé e, ẹ lọ san án.

Ìbéèrè yìí ti sú mi. Àwọn tó ń ṣe fídíò ni mo bá wí: wọ́n á gbé àwòrán ọkọ̀ òde òní tó ń lo agbára núkílíà síta, wọ́n á wá kọ 1915 sí i lára.

Ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi ni mí, n kì í ṣe òpìtàn, nítorí náà inú yàrá ẹ́ńjìnnì ni màá ti dá yín lóhùn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń mí bí èèyàn. Níbi tí afẹ́fẹ́ ò bá sí, kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tó tilẹ̀kùn sùn. (Ẹ má ṣe é o.) Torí náà, bí ọkọ̀ yẹn bá ti rì wọlẹ̀, wọ́n á pa dísẹ́ẹ̀lì, bátìrì ló kù: irú bátìrì olómi kíkan tó wà nínú mọ́tò yín náà ni, àmọ́ tiwọn tóbi, ó sì pọ̀, abẹ́ ibi tí àwọn atukọ̀ ń sùn ni wọ́n tò ó sí. Ẹni tó bá ní ínfátà nílé ti mọ ìyókù. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ ó máa ṣọ́ ọ lò. Bí ẹ bá fi tan áyọ́ọ̀nù, ó parí.

Ẹ wo U-20, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó ri Lusitania, ọkọ̀ èrò ńlá ti Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 7 oṣù Kárùn-ún 1915. Lójú omi, ó ń sáré máìlì òkun 15 ní wákàtí kan. Lábẹ́ omi, bó bá rọra ń rìn ní máìlì 5 ní wákàtí kan, nǹkan bí 80 máìlì ni yóò rìn kí bátìrì tó kú. Ẹ pín in: wákàtí 16. Oṣù kan dà? Irú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo sọ o, òmíràn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó má tó o, àmọ́ kò sí èyí tó sún mọ́ oṣù kan.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á yọ sókè, wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á tan dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n á máa fi sáàjì bátìrì. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti kan nígbà yẹn, omi á máa kán láti ara irin sórí ibùsùn. Èyí tó burú jù ni kí omi òkun wọ bátìrì: gáàsì klọ́rínì ló máa ń mú jáde, ó sì ń pani. Ẹ má lọ dán an wò pẹ̀lú bátìrì mọ́tò àti omi iyọ̀.

Ojú omi náà ni wọ́n ti ń jà jù. Tọ̀pídò, àdó olóró tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi, wọ́n, ìwọ̀nba sì ni ọkọ̀ kan lè gbé. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ 1916, U-35, tí Lothar von Arnauld de la Perière jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ri ọkọ̀ 54 ní òkun Mẹditaréníà. Tọ̀pídò 4 péré ló lò. Ìbọn ńlá orí ọkọ̀ ló fi ṣe ìyókù: á dá ọkọ̀ dúró, á yẹ ìwé wò, á jẹ́ kí àwọn atukọ̀ sọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, á wá ri ín. Bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Falaba ti Elder Dempster, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kúrò ní Liverpool, ó ń bọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta 1915, U-28 yọ sí i ní gbangba, ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò tíì sọ̀ tán tó fi ta tọ̀pídò. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú.

Ó ku ìbéèrè yín kejì. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì 1917, Jámánì pa òfin tì, wọ́n ní ọkọ̀ ọlọ́jà tí àwọn bá ti rí, rírì ni, láìkìlọ̀. Ọ̀gágun Holtzendorff ti ṣírò rẹ̀: bí wọ́n bá ń ri ọkọ̀ tó tó 600,000 tọ́ọ̀nù lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún, ebi á mú kí Gẹ̀ẹ́sì túúbá. Ní oṣù Kẹrin, ohun tí wọ́n rì lé ní 800,000. Àmọ́ oṣù yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà wọ ogun, ìwà yìí sì wà lára ohun tó fà á. Ní oṣù Kárùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ ọlọ́jà rìn pọ̀, tí ọkọ̀ ogun ń ṣọ́ wọn.

Ibí ni bátìrì ti dájọ́. Bí ogún ọkọ̀ bá ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà ogún ni ọdẹ á rí ẹran. Bí wọ́n bá kóra jọ, ẹ̀ẹ̀kan ni, bó bá tiẹ̀ rí wọn. Bó bá sì rí wọn, kò lè yọ sókè lé wọn nítorí ọkọ̀ ogun, kò sì lè fi máìlì 5 bá wọn lábẹ́ omi.

Pé ọwọ́ ò tó wọn kọ́ o: nǹkan bí 178 nínú àwọn ọkọ̀ yẹn ni ogun náà gbé mì, pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 atukọ̀.