Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: «Mi ò lè ṣí kẹ́ẹ̀gì epo mọ́»

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Epo pupa ni mò ń tà ní ọjà Atákúnmọ́sà. Lóṣù kẹta, bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa bọ̀ láti Ifẹ̀ gbókìtì nítòsí Òṣú. Kẹ́ẹ̀gì epo mi bẹ́, ó dà bò wá, a ò mọ èyí tó jẹ́ epo yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Apá mi nìkan ló bó. Àmọ́ oṣù mẹ́rin rèé, tí mo bá ti ṣí kẹ́ẹ̀gì báyìí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Mi ò wọ ọkọ̀ mọ́, mi ò rí oorun sùn. A ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi ní kí ni mo tún ń wá. Ṣé orí mi ti ń dàrú ni? Mo fẹ́ ta àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, kí n kúkú máa ta ẹ̀wà.
Ìyá Elépo, Iléṣà

Ìyá Elépo, ẹ kú ewu o. Orí yín ò dàrú. Ọkọ̀ yẹn ti dúró tipẹ́, ara yín ni kò tíì gbọ́. Òórùn epo ló gbà símú lọ́jọ́ náà, òun náà ló fi ń mọ̀ pé ewu dé. Àìsàn tó ní orúkọ ni: àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn láti 1980, PTSD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àìsàn ẹ̀rù tí kì í fi ara sílẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá.

Ọ̀kadà gbá èmi náà rí ní Lágeré, n'Ifẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń dúró létí títì bí adìyẹ tí kò mọ ibi tó ń lọ, èmi nọ́ọ̀sì! Ó lọ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń lọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó bá ti lé lóṣù kan, dókítà ló kàn.

Inú ìlú ni ilé ìwòsàn Wesley Guild wà, ẹ lè rọra fẹsẹ̀ lọ. Wọ́n á lè darí yín sọ́dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: mo ti rí i láìmọye ìgbà, èèyàn á dé iwájú dókítà, á ní «orí ń fọ́ mi, ara mi ń gbóná», wọ́n á fún un ní oògùn ibà, á máa lọ sílé. Kò dárúkọ jàǹbá rárá! Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, kẹ́ ẹ tó sọ ti oorun.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ẹ ó máa sọ ohun tójú yín rí lọ́jọ́ náà títí ohùn yín ò fi ní gbọ̀n mọ́. Wọ́n lè ní kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kó gbé yín dé ìyànà. Nígbà mìíràn wọ́n á fi oògùn kún un. Àmọ́ ẹ má lọ fúnra yín ra Valium, oògùn tó ń mú ara rọ̀, ní kẹ́míìsì. Ẹ ó sùn lóòótọ́, ẹ̀rù yẹn á dúró dè yín, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ò fi ní lè sùn láìlò ó.

Ẹ mú ọkọ yín dání, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ìdúpẹ́ yẹn dáa, kò bá ti dókítà jà.

Ti àwọn kẹ́ẹ̀gì: ẹ má tíì tà wọ́n. Bí ẹ bá ṣe ń sá fún epo ni ẹ̀rù rẹ̀ á máa ga sí i. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní igun ilé, kí ẹ má ṣí i. Ẹ̀yin àti dókítà lẹ jọ máa mú ọjọ́ tí ẹ ó ṣí i.