Ọ̀kadà tó ń fà tìkọ̀ bí ẹ bá fún un níná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Láàárín Bẹẹrẹ sí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ti ń gun ọ̀kadà mi. Sílóò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, dára, ṣùgbọ́n tí mo bá fún un níná lójijì, á kọ́kọ́ fà tìkọ̀, á jẹ́ẹ̀kì, kó tó gbéra. Ó tún máa ń le tí mo bá fẹ́ gun òkè Mápó. Mẹkáníìkì kan ti yí síkúrù kábúrétọ̀ rẹ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, títí, ibi tó wà náà ló wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ebi epo ló sábà máa ń fa irú èyí. Bí ẹ bá fún un níná, afẹ́fẹ́ ló máa kọ́kọ́ ya wọlé, epo kì í tètè bá a. Ẹ má tíì fọwọ́ kan síkúrù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ fa ṣóòkì, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, díẹ̀, kí ẹ wá fún un níná. Tó bá sàn, epo ni kò tó. Tó bá burú sí i, epo ló pọ̀ jù. Ẹ lọ wo fíltà afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti dí.

Tí epo ni kò bá tó, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ibi tí ojú ò tó ló ti sábà máa ń là. Ẹ ta omi ọṣẹ sí i lára nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí sílóò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má fi bẹntiróòlù dán an wò o, iná lè sọ. Kò sí síkúrù tó lè tún rọ́bà tó ti là ṣe. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà pááàtì ní Gate láti fi ra tuntun.

Tí rọ́bà bá dára, ẹ tú jẹ́ẹ̀tì sílóò, ohun kékeré oníhò tí epo sílóò ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ihò róbótó tó mọ́ ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá dí, ẹ jẹ́ kí fọganáísà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́. Idẹ ni, ihò rẹ̀ á fẹ̀, epo á sì máa pọ̀ jù.

Ìgbà yẹn ni síkúrù kábúrétọ̀ tó ń pín epo àti afẹ́fẹ́ tó kàn. Ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi kan ìsàlẹ̀, ẹ má fún un pa, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ yí i jáde ní yípo kan àbọ̀, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, títí ẹ ó fi gbọ́ ibi tó ti yára jù tí kò sì gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi síkúrù sílóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tó bá ṣì ń fà tìkọ̀, ẹ fi síkúrù àkọ́kọ́ yẹn fi epo kún un díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í: tí síkúrù epo àti afẹ́fẹ́ náà bá wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, yíyí i jáde ló ń fi epo kún un, tó bá wà nítòsí fíltà, yíyí i wọlé ni.