Èsì: Ìdí tí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ fi ń já

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ẹ ní ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tí ẹ sín de ọdún Ọ̀ṣun ń já kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ kí ẹ tó bú okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń mú lẹ́nu bí abẹ. Ẹ fa òwú ìránṣọ gba inú ihò náà síwá sẹ́yìn. Bí òwú náà bá họ, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sọ́tọ̀.

Fún ọrùn-ọwọ́ 16 sẹ̀ǹtímítà, ogún ìlẹ̀kẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 8, pẹ̀lú ìkọ́ tí a fi ń so ó mọ́ ọwọ́, yóò tó. Ẹ gé ọ̀rá ìpẹja 40 sẹ̀ǹtímítà, kí ọwọ́ lè ráyè ta kókó. Ẹ fi àyè mìlímítà 2 sílẹ̀ lórí okùn; bí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ bá há mọ́ra jù, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni okùn ń jìyà.

Kókó ẹyọ kan máa ń yọ̀ lórí ọ̀rá. Ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fà á, ẹ tún un ta, kí ẹ wá dá etí okùn padà sínú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan a máa fi iná jó etí náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: iná tó bá kan kókó á sọ ọ̀rá di gbígbẹ, á sì kán.

Tó bá jẹ́ iyùn gidi, ẹ má kán gúlúù sí i rárá. Òwú ni kí ẹ lò, kí ẹ ta kókó sáàárín ẹyọ kọ̀ọ̀kan.