Èsì: Texas City àti baseball, 1947

Ọ̀gá mi, ẹ bèèrè pé ṣé Jackie Robinson, agbá-baseball aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn, gbá baseball lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bú gbàmù ní Texas City, ìlú èbúté kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Rárá o, Dodgers, tíìmù ẹ̀, ò ní géèmù lọ́jọ́ yẹn. April 15, 1947 ló kọ́kọ́ gbá a fún wọn ní Brooklyn, wọ́n na Boston Braves 5-3.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 12 láàárọ̀, ni ọkọ̀ ojú omi Grandcamp bú gbàmù ní Texas City, ajílẹ̀ ammonium nitrate bíi tọ́ọ̀nù 2,300 ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé iná ti ń jó tẹ́lẹ̀, kápútèènì wá ní kí wọ́n má da omi sí i kí ẹrù má bàa bàjẹ́, wọ́n ti gbogbo ojú ihò ọkọ̀ pa wọ́n wá ń tú ooru gbígbóná sínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ yẹn ní oxygen tiẹ̀ lára, kò nílò afẹ́fẹ́ kankan láti jó, gbígbóná ló kàn ń gbóná sí i. Àwọn èèyàn sì dúró sí etí omi tí wọ́n ń wo èéfín aláwọ̀ ọsàn, ẹ gbà mí o! Ó kéré tán èèyàn 581 ló kú, panápaná 27 nínú 28 tí ìlú ní ló bá a lọ.

Àmọ́ ọkọ̀ kejì tó wà ní èbúté yẹn, High Flyer, bú ní nǹkan bí aago kan òru April 17, ọjọ́ yẹn gan-an ni Robinson gba hit àkọ́kọ́ ẹ̀ (ìyẹn ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù, ó sì sáré dé base kìíní), Dodgers tún na Braves 12-6. Ìpínlẹ̀ Texas ò tíì ní tíìmù nínú líìgì ńlá baseball nígbà yẹn ṣá, ó di 1962 kí Houston tó ní.