Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "get"

Ìbéèrè: Bí "get" ṣe ń túmọ̀ sí "gbà" ló ń túmọ̀ sí "dé". Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí wọ́n ń wí?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ orúkọ nǹkan, gbígbà, rírí tàbí rírà ni: "I got a letter", mo gba lẹ́tà. Bó bá jẹ́ orúkọ ibì kan, dídé ni: "We got to the station at 6." Àmọ́ "home", "here" àti "there" kì í gba "to". "Get home" ló tọ̀nà, "get to home" kò tọ̀nà rárá.

Bó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, bí "dark" tàbí "tired", nǹkan ń yí padà nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti ń rú ọ̀pọ̀ nínú wa lójú. Ẹ jẹ́ kí "ti" àti "ń" tiwa tọ́ yín sọ́nà. Ilẹ̀ ti ṣú: "It is dark." Ilẹ̀ ń ṣú: "It is getting dark." Ó ti rẹ̀ mí: "I am tired." Ó ń rẹ̀ mí: "I am getting tired." Ẹ ṣọ́ra fún ebi, òùngbẹ àti ìbínú o, wọn kì í tẹ̀ lé òfin yìí. "Ebi ń pa mí" ni "I am hungry", bí ebi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni ẹ máa sọ pé "I am getting hungry."

Ìbéèrè: Olùkọ́ fagi lé "I got my brother wash the car", ṣùgbọ́n ó gba "I made my brother wash the car". Kí ló dé?

Ìdáhùn: "Make" kò fẹ́ "to" níbẹ̀; "get" ò lè ṣe é láìsí "to". Ẹ kọ "I got my brother to wash the car." Ìtumọ̀ wọn náà yàtọ̀: ipá wà nínú "made", ẹ̀bẹ̀ tàbí ọgbọ́n ló wà nínú "got". Bó bá jẹ́ pé ẹni tó fọ̀ ọ́ kò ṣe pàtàkì, "I got the car washed" ti tó.

Ìbéèrè: Ṣé "get down from the bus" dára?

Ìdáhùn: "Sọ̀ kalẹ̀" tiwa lẹ túmọ̀ yẹn. Ọkọ̀ téèyàn lè dìde rìn nínú rẹ̀, bíi bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti bàálù, "get on" àti "get off" la ń lò fún un. Ohun téèyàn ń gùn, bíi kẹ̀kẹ́, alùpùpù tàbí ẹṣin, ń gba ọ̀kan náà. Mọ́tò kékeré ló ń gba "get in" àti "get out of". Ẹ fi "get down" sílẹ̀ fún orí igi, àkàbà àti òrùlé.

Ìbéèrè: "Gotten" ńkọ́?

Ìdáhùn: Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò ó jù. Lẹ́nu wọn, "I've got a book" ni pé ìwé wà lọ́wọ́ mi. "I've gotten a book" ni pé mo ti rí ọ̀kan gbà. Ní Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Bírítéènì, "got" ni wọ́n sábà máa ń lò fún méjèèjì. "Forgotten" kò yí padà níbì kankan.