Kí Ló Dé Tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìhín Kò Dùn Tó Tilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mò ń rà ní London máa ń pọ́n, ara rẹ̀ á jọ̀lọ̀, àmọ́ kì í dùn tó èyí tí à ń jẹ ní Oǹdó. Ṣé ilẹ̀ ló fà á?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ lọ́wọ́ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru àti ọjọ́ tí wọ́n gé e ló ṣe kókó. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cavendish ni ẹ̀ ń rà. Kòlóńbíà, Costa Rica tàbí Ecuador ló sábà máa ń ti wá. Ní dúdú ni wọ́n ti ń gé e, nígbà tí igun ara rẹ̀ ṣì hàn, torí ó máa lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun nínú òtútù bíi 13°C. Bó bá gúnlẹ̀, wọ́n á fi gáàsì ethylene mú un pọ́n. Sítáàṣì tó ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gé e ló ń di ṣúgà; gáàsì kò lè fi kún un. Ti Oǹdó gbó kí wọ́n tó gé e, ó sì lè jẹ́ irú mìíràn pátápátá.

Ní ti ooru, ẹ wo erékùṣù Mindanao ní Philippines. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó móoru, bí oṣù mẹ́ta ni láti ìgbà tí òdòdó bá yọ títí di ìgbà gígé. Lórí òkè, òru tutù, ó lè tó oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì ráyè kó sítáàṣì jọ. Ní Japan, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ti orí òkè, owó rẹ̀ sì ga jù. Ṣùgbọ́n òtútù náà níwọ̀n: bó bá rẹlẹ̀ ju 16°C lọ fún ìgbà pípẹ́, igi kì í fẹ́ dàgbà mọ́, òdòdó tilẹ̀ lè há sínú ìtì.

Ní London, ẹ ra èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Ìgbà tí tó-tò-tó bá yọ lára èèpo ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Mo gbin Cavendish n'Íbàdàn. Inú rẹ̀ ń rọ̀, èèpo kò pọ́n. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣi nǹkan kan ṣe. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 25°C, inú Cavendish á máa pọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ara èèpo kì í ṣá tán. Ẹ gbé e síbi tó tutù jù nínú ilé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó jìnnà sí abẹ́ páànù. Ẹ má fi ọ̀rá dì í pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ní ti kábáàdì, kẹ́míkà tí àwọn kan ń dà sí i kó lè tètè pọ́n, ó lè ní arsenic nínú, NAFDAC sì ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ míì tó ti pọ́n, tí ẹ bá kó mọ́ ọn nínú agbọ̀n, tó láti mú un pọ́n.