Ọmọ Mi Fẹ́ Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Wá Irin Nínú Ilẹ̀: Ṣé Kí N Rà Á fún Un ní Ireland?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Drogheda ni a ń gbé. Ọmọkùnrin mi, tó máa tó pé ọdún 11, gbọ́ nílé-ìwé pé nítòsí wa níbí, ní Bettystown, ni wọ́n ti rí ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ń so aṣọ, tí wọ́n ń pè ní Tara Brooch, ní ọdún 1850. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Màmá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Òfin tibí yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín: láti ọdún 1987 ni ìjọba Ireland ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tèmi. Ní oṣù Kejì ọdún 1980, wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí Derrynaflan ní Tipperary, níbi tí àwọn mọ́ńkì ń gbé láyé àtijọ́, wọ́n sì hú ife fàdákà tí àlùfáà fi ń ṣe Máàsì jáde, pẹ̀lú àwo rẹ̀ àti asẹ́ wáìnì, tí wọ́n fi ọpọ́n idẹ dé mọ́lẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ gbà kí èèyàn wá wo ibẹ̀, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni walẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì dá a ní 1987 pé ti ìjọba ni ẹrù náà. Kì í ṣe owó nìkan ló ń dun àwọn awalẹ̀pìtàn: bí ilẹ̀ ṣe tò léra àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, bí ṣọ́bìrì bá sì ti dà á rú, kò ṣeé tò padà mọ́.

Ẹni tó wù mí kí àwọn ọmọ wa fi ṣe àwòkọ́ṣe ni awakọ̀ katapílà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ àbàtà Faddan More, ní Tipperary kan náà, ní ọdún 2006. Nígbà tó rí ìwé aláwọ kan nínú ẹrẹ̀, wọ́n fi ẹrẹ̀ tútù bò ó kí ó má baà gbẹ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìwé Sáàmù ni, ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 800; inú èèpo awọ rẹ̀ ni wọ́n ti bá páápírọ́sì, irú èyí tí wọ́n ń fi esùsú ṣe ní Íjíbítì. Nígbà tí mo ka èyí fún ọmọbìnrin mi níwájú gíláàsì tí wọ́n fi ìwé náà sí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó bi mí pé, “Dádì, ṣé láti Áfíríkà ni apá kan rẹ̀ ti wá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Kildare Street, ní Dublin. Ọ̀fẹ́ ni, Tara Brooch sì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ fín ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, apá tó máa ń fara ti aṣọ tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Bó bá sì ṣèèṣì rí nǹkan létí òkun, kó má fọ̀ ọ́, kó má sì gbẹ́ ibẹ̀. Kí ẹ pe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ọlọ́pàá Garda lọ́jọ́ náà gan-an.